Ọmọ mi ń bẹ̀bẹ̀ fún ajá, a sì ń lọ sílé ní Oṣù Kejìlá

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù. Ọmọ Pàkátà ni mí, ní Ìlọrin. Birmingham ni èmi àti ọkọ mi ń gbé báyìí. Ọmọ wa obìnrin ti pé ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju ajá lọ. Bàbá rẹ̀ ní ajá ò ní wọ ilé tí òun ti ń kírun. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún tún wá le sí i nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé fi ọmọ ajá kan hàn án lórí WhatsApp, tí wọ́n ní tirẹ̀ ni tá a bá ti délé ní Oṣù Kejìlá. Ó ti fún un lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni òfin ilẹ̀ yìí ní kí ẹni tó bá sin ajá ṣe? Ṣé a lè gbé ọmọ ajá yẹn bọ̀? Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti sin ajá rí, pé nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀ sí yín nílé. Ẹ má bínú pé mo bi yín.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, mi ò bínú rárá. Mà á dáhùn ọ̀rọ̀ òfin, torí ohun tó wà nínú ìwé ni, kò le. Ìrìnàjò Oṣù Kejìlá yẹn gan-an ló gbé mi lọ́kàn, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí.

Ní England, ìwọ àti bàbá rẹ̀ lẹ ni ajá, kì í ṣe ọmọ. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006 ò ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sí ẹni tó máa dáhùn fún ẹran. Òbí tó ń tọ́ ọmọ náà ni wọ́n máa mú. Tó bá ní òun á máa bọ́ ọ, òun á máa palẹ̀ ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́, gbà á gbọ́, àmọ́ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà rẹ ni wọ́n máa kàn.

Ajá gbọ́dọ̀ ti ní ṣíìpù (microchip) lára kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Òfin yẹn ti wà láti ọjọ́ 6, Oṣù Kẹrin, ọdún 2016. Ṣíìpù ọ̀hún ò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì, nọ́ńbà 15 ló sì wà nínú rẹ̀. Ibi táwọn èèyàn wa ti ń ṣìṣe nìyí: ṣíìpù ò mọ ilé ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà lásán ni. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ni orúkọ àti àdírẹ́sì wà lọ́wọ́ wọn. Tí ẹni tó ta ajá fún ẹ ò bá tíì jẹ́ kí wọ́n yí i sí orúkọ rẹ, lọ́jọ́ tó bá sọnù, onítọ̀hún ni wọ́n máa pè, ìwọ á sì máa wá a kiri àdúgbò. Tó o bá kó lọ sílé mìíràn, tàbí tó o yí nọ́ńbà fóònù, yí i níbẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Tí òṣìṣẹ́ káńsù bá yẹ ajá wò tí kò ní ṣíìpù, wọ́n lè fún ẹ ní ọjọ́ 21 láti fi sí i. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, owó ìtanràn lè dé £500.

Ìyẹn ò ní kó o má fi ìdè sọ́rùn rẹ̀. Bó bá ti jáde síta gbangba, orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ìdè ọrùn. Òfin ọdún 1992 ni. Nọ́ńbà fóònù nìkan ò tó lójú òfin, àmọ́ kọ ọ́ mọ́ ọn, torí fóònù ló máa ń yá jù. Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Mú ọ̀rá méjì dání ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ káńsù máa ń gba £100 lójú ẹsẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù ó lè tó £1,000. Ajá tó bá sọnù tí káńsù gbé, ọjọ́ 7 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ de olówó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè fà á fún ẹlòmíràn.

Èyí tó máa ń ya ọmọ Ìlọrin lẹ́nu ni ti ajá tí apá olówó rẹ̀ ò ká. Nílé, bí ajá bá gbó àlejò, a ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Níbí, kò dìgbà tó bá bu èèyàn jẹ kó tó di ọ̀ràn. Tó bá ti ṣe ohun tó mú kí èèyàn máa bẹ̀rù pé yóò ṣe òun léṣe, ó tó. Láti ọdún 2014 sì ni òfin yẹn ti wọnú ilé àti ọgbà olówó ajá fúnra rẹ̀. Tó bá ṣe ẹnìkan léṣe, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Tó bá pa èèyàn, ó lè tó 14. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ẹni tó gbé lẹ́tà tàbí oúnjẹ wá bá tẹ aago. Kí ajá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mìíràn tó tì pa kó o tó ṣí ti ìta. Kọ́ ọmọ ní ìyẹn ṣáájú bó ṣe ń fún un lóúnjẹ.

Irú ajá márùn-ún ni wọ́n fòfin dè: pit bull terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino, Fila Brasileiro, àti XL Bully. Láti ọjọ́ 1, Oṣù Kejì, ọdún 2024, kò sẹ́ni tó lè ní XL Bully ní England láìsí ìwé ìyọ̀ǹda. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi ajá ńlá kan ta ẹ́ lọ́rẹ tàbí tà á fún ẹ ní pọ̀ọ́kú, béèrè irú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ ajá lẹ fẹ́ rà, ọ̀dọ̀ ẹni tó bí i sílé ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ sì rí i pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pàdé òun níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ẹ padà sílé.

Ọ̀rọ̀ ìrun, ìwọ àti bàbá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jọ bá Àfáà yín sọ ọ́, mi ò ní dá sí i. Ológbò kò ní fa irú àríyànjiyàn yẹn. Ní Ìlọrin, ológbò ti ń sùn lórí ẹní ìkírun kí wọ́n tó bí wa. Òun náà ti wọ òfin ṣíìpù láti ọjọ́ 10, Oṣù Kẹfà, ọdún 2024, kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20.

Ó wá ku ọmọ ajá orí WhatsApp. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ lè gbé dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń padà bọ̀. Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọkàn tán lórí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi (rabies), nítorí náà ètò rẹ̀ gùn, ó sì gbọ́dọ̀ tò tẹ̀léra. Ṣíìpù ló kọ́kọ́ ń wọlé. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ló tẹ̀ lé e, nígbà tí ajá bá ti pé ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Tí wọ́n bá gún un kí wọ́n tó fi ṣíìpù sí i, abẹ́rẹ́ yẹn ti dòfo, torí kò sí ohun tó fi hàn pé ajá yìí gan-an ni wọ́n gún. Ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó kéré tán, dókítà ẹranko á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí, èsì rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ohun ìjà dìgbòlugi tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, sì gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml. Láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn, oṣù mẹ́ta gbáko lẹ máa tún dúró. Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí ìlera, àti oògùn aràn tapeworm tí dókítà ẹranko gbọ́dọ̀ fún un láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ẹrù ni wọ́n ń kó o sí, kì í bá èèyàn jókòó.

Ro ó pọ̀: ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ 30, oṣù 3. Kò sí bí ajá tí wọ́n bí ní Ìlọrin ṣe lè dé ibí kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù 7. Tí ìwé kan bá sì kù díẹ̀ káàtó, wọ́n lè tì í mọ́ ibi ìyàsọ́tọ̀ fún bí oṣù mẹ́rin, ìwọ lo máa sanwó rẹ̀. Sọ fún ọmọ nísinsìnyí, má ṣe jẹ́ kó dé pápákọ̀ òfuurufú kó tó mọ̀.

Ajá yẹn lè máa jẹ́ tirẹ̀ nílé. Àmọ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ lónìí, kí wọ́n gbé e lọ gún lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi bó bá ti pé oṣù mẹ́ta. Kó tó oṣù kan kẹ́ ẹ tó dé, kí abẹ́rẹ́ náà ráyè ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Dókítà ẹranko ò wọ́n ní Ìlọrin, Yunifásítì Ìlọrin gan-an ní ẹ̀ka tó ń kọ́ wọn. Ohun tó ń ba abẹ́rẹ́ yẹn jẹ́ ni ooru. Inú òtútù ìwọ̀n Celsius 2 sí 8 ló gbọ́dọ̀ wà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé ara ajá, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí nílé. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ béèrè inú ohun tí wọ́n ti mú un jáde. Tí wọ́n bá yọ ọ́ látinú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀, kí wọ́n gún un. Tó bá jẹ́ látinú àpò ṣòkòtò, kí wọ́n gbé ajá wọn padà sílé. Kí wọ́n gba káàdì tí ọjọ́ àti nọ́ńbà abẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí ẹ.

Èyí jẹ́ fún ajá tiyín. Ajá ilé kejì ńkọ́?

Ọ̀fà ló ti ṣẹlẹ̀ sí wa, ní Oṣù Kejìlá. Ọdún méjì ló máa pé nígbà tẹ́ ẹ bá fi délé. Àwọn ìbejì wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, èmi lọ sí Ìlọrin. Ajá ọdẹ kan wà nílé kejì, ó ń jẹ eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kẹ́hìndé lọ nawọ́ sí i lórí, bó ṣe máa ń ṣe sí ajá àwọn aládùúgbò wa ní Leeds. Ajá kùn, ó sáré. Bó ṣe sáré ni ajá gbá a mú lọ́rùn ẹsẹ̀. Ojú eyín méjì ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ju èyí tí èèyàn lè fi ìka kan nù. Ó wọlé lọ bá Ìyá Àgbà, ó ní, “The dog nipped me.” Ìyá Àgbà ò gbọ́ ju “dog” lọ níbẹ̀. Ó ní, “Má bẹ̀rù, ajá ò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan.” Kẹ́hìndé rò pé wọ́n ti gbọ́ òun, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e. Táyé rí gbogbo rẹ̀. Òun náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta ni mo dé, tí mo bá ẹsẹ̀ tó wú. Wò ó, mà á sọ ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ fún ẹ, kí tiyín má bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Omi àti ọṣẹ ni àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Awọ ọlọ́ràá kan ló bo kòkòrò dìgbòlugi, ọṣẹ sì máa ń tú u ká bó ṣe ń tú epo kúrò lára àwo. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ní ká fi fọ̀ ọ́, lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Níbi tí kò bá ti sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnìkan máa da omi látinú búútà àlùwàlá, kí ẹnìkejì máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kẹ́ẹ̀gì 20 lítà kan á tó. Wo aago, torí ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí o ṣe rò lọ nígbà tí ọmọ bá ń ké. Lẹ́yìn náà, fi ayódíìnì tàbí sípíríìtì sí i. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo pupa, ata, eérú tàbí kẹrosíìnì sí i, má sì jẹ́ kí wọ́n tètè rán an pọ̀.

Ohun kejì ni ajá. Kí n tó dé, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti lù ú pa, wọ́n ní ó bu ewúrẹ́ jẹ. Wọ́n ti gbé e sọnù. Ajá tó bu èèyàn jẹ kì í ṣe pípa, tí wọ́n bá lè dè é mọ́lẹ̀. Ọjọ́ 10 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, kó máa jẹ, kó máa mu. Tó bá ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ dá lẹ́yìn ọjọ́ 10, a jẹ́ pé itọ́ rẹ̀ ò ní dìgbòlugi nínú lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ dúró de ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ o. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti pa á, orí rẹ̀ ni àyẹ̀wò wà. Kí wọ́n pe dókítà ẹranko, kí ẹlòmíràn má gé e.

Ẹ̀kẹta ni mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn. Ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ dé ò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Ìlọrin la ti rí i lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gún ti ọjọ́ 0, ìyẹn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n kọ ti ọjọ́ 3, 7, 14 àti 28 sórí káàdì. Àmọ́ ara ọmọ nílò bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè fi abẹ́rẹ́ yẹn ṣe ohun ìjà. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, immunoglobulin, ìyẹn ohun ìjà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ló máa ń dènà lójú egbò, torí iṣan ara ni kòkòrò yẹn ń gbà lọ sí ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀. Inú egbò gan-an ni wọ́n ń gún un sí, 20 IU fún kílò kan. Kílò 25 ni Kẹ́hìndé, 500 IU la nílò. Ọjọ́ méjì la fi wá a kiri, a ò rí i. Láàárín ọjọ́ 7 sí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè máa dí ohun ìjà tí ara fúnra rẹ̀ ti ń ṣe lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹjọ sí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì wa. Owó wà lórí yíyí i padà. Mo sọ fún ara mi pé abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ná, pé á tó. Nígbà tá a dé England, dókítà gba káàdì, ó fi bírò ka ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ọjọ́ 7, ó dúró. Owó tí mo tìtorí rẹ̀ má yí tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò rántí ohun tí mo fi ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ gún ọmọ yín níbí kẹ́ ẹ tó lọ. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni: ọjọ́ 0, ọjọ́ 7, àti ọjọ́ 21 tàbí 28. Travel clinic, kíníìkì àwọn arìnrìnàjò, ni wọ́n ti ń gún un, owó ni. Ọmọ tó bá ti gbà á, tí ajá bá bù ú jẹ nílé, abẹ́rẹ́ méjì péré ló kù fún un, ọjọ́ 0 àti ọjọ́ 3, kò sì ní nílò immunoglobulin rárá. Ohun tí a wá kiri Ìlọrin tí a ò rí, ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní wá a. Tẹ́ ẹ bá sì padà síbí pẹ̀lú ọgbẹ́ ajá, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera ti NHS, lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín pe “rabies” àti “Nigeria”. Láti ọdún 1922 ni dìgbòlugi ti kúrò lára ajá ilẹ̀ yìí, ìdọ̀tí inú egbò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rò. Kẹ́ ẹ mú káàdì tẹ́ ẹ gbà nílé dání, kí orúkọ abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ò lè sọ fún ìyá ìyá rẹ̀ pé ajá bu òun jẹ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ilé ìwé ló kọ́ wọn lọ́rọ̀, ilé ìwé ò sì ní Yorùbá. Wọ́n mọ “ẹ káàárọ̀ mà”, wọ́n mọ “ẹ ṣé”, gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ tó dàgbà ní Ọ̀fà mọ ajá tó máa ń jáni ní àdúgbò, ó mọ̀ pé a kì í nawọ́ sí ajá tó ń jẹun, ó mọ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú òkúta. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Àwọn tiwa, a mú ìbẹ̀rù ajá kúrò lára wọn, a sọ pé ọ̀làjú ni, a ò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Kọ́ tìẹ ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kó lè sọ ọ́ lójú oorun: Ajá bù mí jẹ. Ajá lá ojú egbò mi. Ológbò ha mí. Ọ̀bọ bù mí jẹ. Kó sọ ọ́ fún àgbàlagbà títí onítọ̀hún á fi bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kọ́ ọ pé tí ajá bá ń bọ̀, kó dúró bí òpó, kó ká ọwọ́ mọ́ra, kó má wo ojú ajá, kó má sáré. Tí ajá bá bì í ṣubú, kó ká ara rẹ̀ jọ, kó fi ọwọ́ bo etí àti ọrùn.

Dókítà ti ní kí n fọkàn balẹ̀. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni àìsàn yẹn sábà máa ń fi fara pamọ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kó kọjá ọdún kan. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí dìgbòlugi bá mú, omi ló máa ń bẹ̀rù. Títí di àná, bí Kẹ́hìndé bá ti ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì, mo máa ń dúró wo ọ̀fun rẹ̀ títí á fi gbé nǹkan mì.

Fi ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín ránṣẹ́ sí mi. Ká ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn láti ibẹ̀, ọjọ́ yẹn ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kó má pẹ́ jù ú lọ. Pe kíníìkì lọ́la.